Ọkọ̀ Oníná Tí A Fi Ń Lọ Sọ́dọ̀ Màmá Kékeré

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn, mo sì kí ọ kú àtẹ̀gùn ilé alájà tí ò ń gùn lójoojúmọ́. Ṣé ara le? Ṣé ibi iṣẹ́ ò le jù? Ṣé ojú lánlọ́ọ̀dù rẹ ti rọ̀ díẹ̀, àbí ó ṣì le bí ẹ̀yìn ìjàpá? Ọkọ̀ rẹ ńkọ́, ṣé ó ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run tó mú ọ dé ibẹ̀ kò ní já ọ sílẹ̀ níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ ẹni ire, wọ́n á máa pe tìrẹ mọ́ ọn. Bí o bá jí láàárọ̀, ire ni wàá máa pàdé lórí àtẹ̀gùn, kì í ṣe lánlọ́ọ̀dù. Àmín.

Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ kí ọ. Orúnkún tó ń dùn ún ti fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀, ó ti bọ́ sí ti òsì, a sì dúpẹ́ nítorí pé ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ òsì ti ń sinmi. Kápẹ́ńtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ti ra fóònù olójú gbàgadà, kì í jẹ́ kí ènìyàn wo àwòrán inú rẹ̀ pẹ́, ó ní tí wọ́n bá ń wò ó jù, á ṣá. Àwọn báǹkì náà ránṣẹ́ sórí fóònù tèmi pé kí n má ṣe sọ nọ́ńbà àṣírí mi fún ẹnikẹ́ni, mo sì dá wọn lóhùn pé mo gbọ́, pé kí àwọn náà jọ̀ọ́ má sọ ọ́. Wọn ò tíì fèsì, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ̀wé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ọmọ mi. O mọ ìdajì rẹ̀, nítorí pé ó ṣojú rẹ. Ìdajì kejì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí o padà sí ìlú ńlá, o ò sì tíì gbọ́ ọ, nítorí pé nígbàkígbà tí mo bá pè ọ́, wàá kàn ní ojú ń tì ọ́, wàá sì pa fóònù. Lẹ́tà kò ṣeé pa. Èyí ni mo ṣe kọ ọ́, jẹ́ kí n sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé télọ̀ kì í ti ibi bọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀ aṣọ.

Ìgbà tí o kọ́kọ́ sọ fún wa pé o ti gba ọkọ̀ tí kì í mu epo, tó jẹ́ pé iná mànàmáná ló ń jẹ, mo jó kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ mi ti ra ọkọ̀. Lẹ́yìn èyí lo wá ṣàlàyé pé o ò rà á, pé ńṣe lo háyà rẹ̀, pé oṣooṣù lo máa ń sanwó, tó bá sì tó ọdún mẹ́ta, kọ́ńpìnnì á wá gba ọkọ̀ wọn. Ìyá rẹ ronú sí i títí, ó ní o háyà yàrá, o wá háyà ọkọ̀, ó ku kí o háyà ọkọ. Mo ní kó dákẹ́, ayé òde òní ni. Ṣùgbọ́n n kò padà lọ tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún àdúgbò. Mo jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ rẹ̀ ni kò yé mi. O ní àjà kẹta lò ń gbé, pé ilé kì í ṣe tìrẹ, pé lánlọ́ọ̀dù ní òun ò ní gbà kí wáyà gba ojú fèrèsé wá sílẹ̀ bí okùn ìsáṣọ, pé ibi iṣẹ́ nìkan lo ti ń rí iná fún un, àti pé ẹ pọ̀ tí ẹ ń tò síbẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ Ajé nìkan ló ń kàn ọ́. Ó dùn mí. Mo ní kí o fi kẹ́ẹ̀gì ránṣẹ́, pé ọjọ́ tí iná bá dára lọ́dọ̀ wa, màá rọ ọ́ kún, màá dè é lẹ́nu dáadáa, màá fún awakọ̀ kó gbé e wá fún ọ. O rẹ́rìn-ín títí, o ní Bàbá, iná kì í gbé inú kẹ́ẹ̀gì. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí o rántí pé èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́, bí òyìnbó bá ṣe é lọ́jọ́ iwájú.

Àsìkò yẹn ni ojú Màmá Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. O mọ̀ pé Ìyá àgbà tó bí mi kò ní arákùnrin, kò ní arábìnrin mìíràn, àfi àbúrò wọn kan ṣoṣo yìí, tó lọ sílé ọkọ ní ìlú kejì tí kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Dókítà ojú ní ohun tó kù nínú ojú Màmá Kékeré kò pọ̀, pé ojú ọ̀sán nìkan ni wọ́n ṣì fi ń ríran, tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ó tán. Màmá Kékeré wá ránṣẹ́ pé kí wọ́n sọ fún ẹ̀gbọ́n òun kó máa bọ̀, pé òun fẹ́ rí ojú rẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó tì, pé tó bá ti tì, ẹnikẹ́ni lè máa wá nígbà tó bá wù ú.

Awakọ̀ tí a ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ń fi lọ́rì kó pákó, gbọ́, ó sì wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù pé òun ń gba ọ̀nà ìlú Màmá Kékeré lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pé iwájú ni Ìyá àgbà máa jókòó, òun á sì fi tìmùtìmù sí i. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní kí ìyá mi bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì pákó níwájú ilé àbúrò rẹ̀, nígbà tí ọmọ mi ní ọkọ̀? Ó ní kí n má bínú, pé ìdí ìbéèrè òun ni pé ọ̀nà jìn. Mo ní jíjìn ọ̀nà kì í ṣe ti ọkọ̀ tí kì í mu epo. Mo pè ọ́, o ní wàá wá, pé wàá ti ìlú ńlá wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Ẹtì, pé bí iná bá wà lọ́dọ̀ wa, a lè fi ọkọ̀ náà sí i kó jẹ títí di àárọ̀. Mo ní kò sí wàhálà, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo ń ki áyọ́ọ̀nù mi bọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Pupa ni mo fi rán gáùn Ìyá àgbà. Màmá Kékeré ló sọ pé àwọ̀ tó kù tí ojú òun ṣì ń mú dáadáa nìyẹn, pé funfun ti di eruku, pé aró ti di òkùnkùn. Mo wá aṣọ pupa tó pupa dénú, mo fi àpò sí i lọ́tùn-ún àti lósì, mo sì fi òwú méjì rán etí rẹ̀ kó má baà tú. Ìyá àgbà wọ̀ ọ́ wò, wọ́n yí ara wọn po, wọ́n ní bí ojú kan bá wà láyé tí kò bá rí èyí, a jẹ́ pé kò fẹ́ rí i ni.

O dé. Gbogbo àdúgbò jáde wá wò ọ́. Mo mú téèpù mi, mo wọn ọkọ̀ náà nítorí pé mo fẹ́ rán aṣọ ìbora fún un tí oòrùn kò ní fi máa pa á níwájú ilé lánlọ́ọ̀dù, mo sì rí i pé ìbàdí rẹ̀ fẹ̀ ju èjìká lọ, bíi ti ìyá rẹ. O fi fóònù rẹ hàn mí, mo rí ọkọ̀ náà nínú rẹ̀, kékeré báyìí, mo wo ìta, mo tún rí i níta, mo ní ṣé ìbejì ni. O ní kí n wo nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀, pé ohun tó kù nínú bátìrì ni. Ó gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní nígbà tiwa nílé ìwé, mọ́kànlélọ́gbọ̀n kò lè yege, ṣùgbọ́n kí a má nà án, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé ni.

A ki wáyà ọkọ̀ náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì áyọ́ọ̀nù. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìyá rẹ gbóòórùn, ó ní ta ló ń sun rọ́bà. Oníwáyà, ẹni tó ń tún iná ṣe ládùúgbò, sáré wá, ó fọwọ́ kan ògiri, ó ní bí a kò bá yọ ọkọ̀ yìí báyìí, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni a máa fi yáná. Ó ní wáyà inú ilé náà tínínrín bí òwú ìránṣọ, pé áyọ́ọ̀nù nìkan ló mọ̀. A yọ ọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ náà gba méjìdínlógójì, mo sì yìn ín pé ó ti gbìyànjú.

Ìwọ kò yìn ín. O dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ò ń ṣírò, o ní ó lè gbé wa débẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní lè gbé wa bọ̀, àti pé kò sí ibi tó ti lè jẹun nílùú Màmá Kékeré. O ní àfi kí a kọ́kọ́ yà sí òtẹ́ẹ̀lì tó wà lójú títì márosẹ̀, tí wọ́n ní ẹ̀rọ iná fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kó jẹ díẹ̀ níbẹ̀, kí a tó máa lọ. Ìyá àgbà ti wà nínú ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà yìí, nínú gáùn pupa, báàgì wọn lórí itan. Mo ní kí a lọ. Ìyá rẹ ní ṣé kí a má kọ́kọ́ bi Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ó ṣì wà nílé, bóyá kò tíì gbéra. Mo ní kó wọlé, kó ti ilẹ̀kùn. Ọmọ mi, ó ṣì wà nílé. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé kò gbéra títí di ọ̀sán, táyà rẹ̀ kan ló fà á sẹ́yìn.

O rántí bí a ṣe rìn. Ní orí òkè yẹn, nọ́ńbà ń já bọ́ bí ewé, o pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, o pa rédíò, mo sì sọ fún gbogbo wa pé kí a rọra máa mí. Ìyá rẹ ní ṣé òun náà ló ń jẹ iná ni. A dé òtẹ́ẹ̀lì, a rí ẹ̀rọ náà, ó dúró bíi kọ́bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ funfun kan ti wà lẹ́nu rẹ̀, ẹni tó ni ín kò sì sí níbẹ̀. Gáàdì ní ọkùnrin náà wà nínú ìpàdé lókè, pé àwọn kì í kan ilẹ̀kùn ìpàdé. Mo ní kí a yọ ọ́ lẹ́nu ìṣẹ́jú díẹ̀, kí tiwa mu díẹ̀, kí a dá a padà, bí a ti ń ṣe lẹ́nu ẹ̀rọ omi. O ní ó ti tì í mọ́ ara ọkọ̀ rẹ̀. O bẹ gáàdì, ìyá rẹ náà bẹ̀ ẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wọn ṣòkòtò fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni bí Ìyá àgbà ṣe jókòó. Wọn ò fẹ̀yìn ti ìjókòó láti àárọ̀, nítorí kí gáùn náà má baà rún. Oòrùn ni wọ́n ń wò, bó ṣe ń rọra sún kúrò lójú dígí. Ìgbà tí ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ènìyàn dáadáa ni, ó ní òun ìbá mọ̀. Ọkọ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ ni iná gbogbo àgbègbè náà lọ. O wo fóònù, omi bọ́ lójú rẹ, o ní ohun tó wọlé á gbé wa délé, á sì gbé ọ dé ibi iṣẹ́, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé bí a bá tilẹ̀ fi tipátipá dé ọ̀dọ̀ Màmá Kékeré, ilẹ̀ á ti ṣú, wọn ò sì ní rí wa. Ìgbà yẹn ni Ìyá àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí o yí ọkọ̀ padà. Wọ́n sì fẹ̀yìn tì.

Màmá Kékeré ti wọṣọ láti òwúrọ̀ níbẹ̀, wọ́n gbé àga síwájú ilé. A pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní kò burú, wọ́n ní ọjọ́ ṣì pọ̀.

Ibi tí o mọ̀ dé nìyẹn. O lọ lọ́jọ́ Àìkú, n kò sì lè wo ojú rẹ. Mo lọ wá Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ní ó ti kó pákó lọ sí ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn náà wọ́n ní lọ́rì rẹ̀ kọṣẹ́ lọ́hùn-ún. Bọ́ọ̀sì tí a máa wọ̀, tí a máa bọ́, tí a máa tún wọ òmíràn, ìbàdí Ìyá àgbà kò gbà á, nítorí ìjókòó ọjọ́ yẹn ti mú un wú. A ń retí. Gáùn pupa wà lára ìṣó. Ọjọ́ tí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé, kò tilẹ̀ lọ sílé rẹ̀, tìmùtìmù ló kọ́kọ́ fi hàn mí. N kò wò ó láti òkè délẹ̀ mọ́. Ìyá àgbà jókòó síwájú, èmi gun ẹ̀yìn lọ́rì, mo jókòó lórí pákó.

A bá Màmá Kékeré níwájú ilé lórí àga, wọ́n kọjú sí ibi tí lọ́rì ti ń dún. Ìyá àgbà bọ́ sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ na gáùn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Wọ́n rìn lọ dúró gbọnin níwájú àbúrò wọn nínú oòrùn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń retí kó rí àwọn. Màmá Kékeré náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ etí Ìyá àgbà ni ojú wọn ń wò, sí ọ̀nà. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n bi aya ọmọ wọn pé ta ló dúró síwájú òun tó dí atẹ́gùn mọ́ òun.

Ọmọ mi, Ìyá àgbà gbé báàgì wọn sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìbàdí yẹn, wọ́n mú ọwọ́ àbúrò wọn, wọ́n gbé e lé ojú ara wọn. Màmá Kékeré fọwọ́ wá iwájú orí, wọ́n wá imú, wọ́n dé àgbọ̀n, wọ́n dúró. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti rù. Wọ́n tún fọwọ́ wá gáùn náà, wọ́n dé àpò, wọ́n tẹ etí rẹ̀ tí mo fi òwú méjì rán, wọ́n bèèrè àwọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà ní pupa ni. Màmá Kékeré mi orí. Wọ́n ní àh, pupa. Wọ́n ní pupa ló pẹ́ jù kó tó lọ, pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá lòun ṣì ń rí i.

Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, mo ń fi téèpù wọn fèrèsé tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n wọ̀n.

Nígbà tí mo padà, wọ́n ti wà lórí àga kan náà, ìbàdí sí ìbàdí, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó rẹwà jù nígbà èwe. Màmá Kékeré ní ọ̀rọ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ òun báyìí, pé lójú òun Ìyá àgbà kò ní hunjọ mọ́ láé, pé bí wọ́n ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n kẹ́yìn rí ara wọn ni wọ́n máa wà títí. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n sì nu ojú. Láti ọjọ́ tí a ti dé, wọn ò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣe ohun kan. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kanlẹ̀ sọ fún mi pé, ìwọ ọmọ yìí, pákó kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ìyá rẹ sọ fún mi pé o kọ̀wé sórí fóònù rẹ̀ pé o fẹ́ dá ọkọ̀ náà padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́ńpìnnì ní wàá sanwó ìtanràn, nítorí pé o ò lè jókòó sínú rẹ̀ kí o má rí Ìyá àgbà lẹ́yìn. Má dá a padà nítorí tiwa. O sọ òótọ́ fún mi kí o tó kúrò nílùú ńlá, o tún sọ ọ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù, o sọ ohun tí ọkọ̀ rẹ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, èmi ni mo fẹ́ kí àdúgbò rí wa. Bí a bá fẹ́ gé ẹ̀bi bí aṣọ, kí wọ́n wọn tèmi kó tó agbádá, ìwọ kò ní rí ju ti àpò lọ níbẹ̀. Mo ti lọ sọ fún kápẹ́ńtà àti àwọn ìyókù pé háyà ni ọkọ̀ náà. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé àwọn kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi ni.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí, bí ọwọ́ rẹ bá gbà á. Oníwáyà ní wáyà kan wà tó nípọn tó àtàǹpàkò, pé bí a bá fa ti tààrà láti òpó wá sí ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ rẹ á jẹun, á sì yó láìsun ẹnikẹ́ni. Jọ̀ọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kó jẹ́ pé nígbàkígbà tí o bá wá, o ò ní máa ṣírò. Bí o bá tún rí díẹ̀ lé e, fi ti aṣọ Màmá Kékeré sí i. Àwọ̀ rẹ̀ kò ṣe nǹkan mọ́, ṣùgbọ́n mo ń wá èyí tó bá dán lábẹ́ ọwọ́, tó ní ìlà tí ìka lè tẹ̀lé.

Wá, ọmọ mi. Wọ́n ń bèèrè rẹ, àwọn méjèèjì. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí iná ayé rẹ kú lójú ọ̀nà. Kí ó fún ọ ní ilé tìrẹ, tí ìwọ alára á jẹ́ lánlọ́ọ̀dù níbẹ̀, tí fèrèsé rẹ á gba wáyà tó bá wù ọ́. Ohun tí o bá ń lé, wàá bá a nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Ọmọ tìrẹ náà á gbé ọ dé ibi tí ò ń lọ, kò sì ní pẹ́ jù fún ọ.

Ó ku nǹkan kan. Màmá Kékeré bi mí pé báwo ni ọkọ̀ rẹ ṣe ń dún, kí àwọn lè máa fetí sí i. Mo ní kì í dún, pé ńṣe ló máa ń yọ́ lọ bí ológbò. Wọ́n ní báwo wá ni àwọn ṣe máa mọ̀ pé ọmọ ti dé? Nítorí náà bí o bá ti dé ìyànà ilé wọn, fun fèrè ọkọ̀ náà. Má ka ará àdúgbò sí. Máa fun ún lọ, títí o fi máa rí wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni bàbá rẹ, télọ̀.